Lẹ́tà Ìyá Sílífá Tí A Kò Tíì Kà Sí I Létí

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ra wa yé. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń ríran. Bí wọ́n bá ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé àwọn rí áńgẹ́lì lórí òrùlé, aago ni èmi máa ń wò. Ọkọ mi tiẹ̀ máa ń sọ pé ẹnu mi ti mú jù, pé kò sí iwin tó máa fẹ́ sún mọ́ mi. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan. Etí mi méjèèjì yìí ló gbọ́ ọ, ní ọ̀sán, tí oòrùn ń ràn, tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pe èrò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Jikwoyi.

Mo sì bẹ̀ yín, bí ẹ bá fura sí ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ má lọ bá a. Orúkọ tí mo fẹ́ pè é níbí kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín, mi ò tíì sọ ọ́ fún òun fúnra rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ni mò ń tẹ̀ jẹun. Mò ń bá èèyàn tẹ ìwé, mò ń ṣe ẹ̀dà, mò ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀. Màmá Gbénga ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún jù, ó padà sílé ní Ọ̀fà, ó sì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Lára ohun tó wà níbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí a ń pè ní Alágbà. Ojú rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Bí ẹ bá tàn án, ẹ lè lọ ra búrẹ́dì kí ẹ sì padà dé kó tó jí. Kò mọ fláàṣì, kò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Dísíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló mọ̀, àwọn pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin tí àwọn ọmọ òde òní ń rò pé ohun ìṣeré ni. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà tí a ti bá èèyàn kọ láti ọdún gbọọrọ wà.

Lẹ́tà, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá àti bàbá tó ń tajà ní Nyanya àti Kugbo ni kò mọ̀wé kọ. Wọ́n ní fóònù, wọ́n ń fi í kí ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí èèyàn kì í lè sọ lórí fóònù, ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá. Wọ́n á jókòó sórí àga oníke tó wà lápá òsì wa, wọ́n á máa sọ, àwa á máa tẹ̀.

Màmá Gbénga ní òfin kan lórí lẹ́tà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ tán, a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. A ó kọ́kọ́ kà á sókè sí olóhun létí, láti orí dé ìdí. A ó wá béèrè pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ wí?" Bí olóhun bá dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni mo wí," iṣẹ́ ti parí. Bí kò bá tíì dáhùn, lẹ́tà náà á lọ sínú fódà kan tí Màmá kọ A KÒ TÍÌ KÀ sí lórí. Kò sì gbọdọ̀ jáde níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ olóhun.

"Lẹ́tà tí olóhun kò tíì gbọ́, ọ̀rọ̀ tiwa ni," Màmá máa ń wí. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tirẹ̀."

Ìdí tí òfin náà fi wà ni pé a máa ń tún ọ̀rọ̀ ṣe. Bí inú bá ń bí èèyàn, ẹnu rẹ̀ á dé ibi tí kò yẹ. Bàbá kan á ní kí a kọ ọ́ sí ọmọ òun pé ewúrẹ́ ni. Àwa á kọ ọ́ pé, "Ìwà rẹ kò tẹ́ mi lọ́rùn." Nígbà tí a bá kà á, bàbá á mí kanlẹ̀, á ní bẹ́ẹ̀ náà ni òun wí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ iṣẹ́ yẹn ṣe ju ọ̀gá mi lọ, mo sì máa ń fi í yangàn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Ìyá Sílífá.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Jikwoyi ló ń gbé, aṣọ àga ló ń tà fún àwọn káfíńtà ní Kugbo. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Sílífá. Ọ̀kan nínú àwọn káfíńtà tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ ìyá ni Sílífá lọ fẹ́ràn, ọmọ Okun kan láti ìhà Kàbà, Kristẹni. Ìyá ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Wọ́n fà á títí, kò lójú. Lọ́jọ́ kan Sílífá di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń bá ọkọ òun lọ sí Lọ́kọ́ja.

Ìyá rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ará ilé ló gbọ́ ohun tó sọ.

"Bí o bá jáde báyìí, ìwọ náà á mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn lóyún kó má rí ọmọ gbé."

Sílífá jáde.

Mi ò ní láti máa ṣàlàyé fún ọmọ Yorùbá ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ń ṣe. Yálà ẹ gbà á gbọ́ tàbí ẹ kò gbà á gbọ́, kò sí ẹni tó fẹ́ kí ìyá tó fún òun lọ́mú sọ irú rẹ̀ sí òun. Ẹni tó sọ ọ́ nìkan ló lè gbé e kúrò. Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn.

Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn náà kí Ìyá Sílífá tó wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ti gbẹ, ó ń wúkọ́. Màmá Gbénga ti lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Ìyá ní káfíńtà kan ń lọ sí Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ kejì, òun fẹ́ fi lẹ́tà rán an sí Sílífá. Mo ní kí ló dé tí wọn kò pè é. Ó ní bí òun bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹkún ni òun máa sun, òun kò sì fẹ́ sunkún.

Mo tan Alágbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, mo ń tẹ̀.

"Kọ ọ́ pé mo kí i. Kọ ọ́ pé mo gbọ́ pé oyún bàjẹ́ lára rẹ̀." Ó wúkọ́ díẹ̀. "Kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i lọ́jọ́ tó jáde, mi ò tíì gbé e kúrò lórí rẹ̀."

Ọwọ́ mi dúró. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n pe ìrun àsárì ní mọ́sálásí tó wà lẹ́yìn wa. Ìyá fi ọwọ́ ti orúnkún dìde.

"Jẹ́ kí n lọ kírun. Mò ń bọ̀, ọmọ mi."

Ó jáde. Mo jókòó ti gbólóhùn yẹn, ó ń bí mi nínú. Mo ń sọ nínú ara mi pé irú ìyá wo nìyí. Oyún bàjẹ́ lára ọmọ rẹ̀, ègún ló tún fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i. Mo bá pa á rẹ́. Mo kọ tèmi rọ́pò rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ tí o jáde, ọ̀rọ̀ ìbínú ni. Mo ti gbé e kúrò lórí rẹ. Mo ti dárí jì ọ́. Ọmọ inú rẹ á gbó, á tọ́." Ó dára létí. Mo rò pé bí ó bá dé tí mo kà á fún un, ojú á tì í, omi á bọ́ lójú rẹ̀, á sì ní bẹ́ẹ̀ ni òun wí.

Kò padà dé. Níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá ló ti ṣubú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹta ó kú, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà. Lẹ́tà rẹ̀ wà nínú fódà A KÒ TÍÌ KÀ, káfíńtà tó yẹ kó mú un lọ ti lọ lọ́wọ́ òfo.

Ọdún kẹjọ rèé.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan wọlé wá bá mi. Ó sanra díẹ̀, ó lóyún, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru ẹyin. Mi ò tètè mọ̀ ọ́n.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Èmi ni Sílífá, ọmọ Ìyá aláṣọ àga."

Mo ní kó jókòó. Ó ní àwọn ti kúrò ní Lọ́kọ́ja, Life Camp ni àwọn ń gbé báyìí. Ó ní káfíńtà ọjọ́ yẹn ló pàdé òun tó sọ fún òun pé ìyá òun ń kọ lẹ́tà kan lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa kó tó kú. Kò mọ̀ rí. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ ni kò ti sùn dáadáa.

Oyún mẹ́ta ló ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Èyí ni ìkẹrin, ó ti pé oṣù méje, kò sì sí èyí tó dé ibẹ̀ rí. Dókítà ní àwọn kò rí ohunkóhun tó ń ṣe é.

"Doctor tiẹ̀ ní kí n má worry," ó ní. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn. "Àǹtí, mi ò ní kí ẹ wá ohun tó dára fún mi. Ohun yòówù tó bá wà níbẹ̀ ni kí ẹ kà fún mi. Kí n ṣáà mọ ohun tí mo gbé."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ òfin Màmá Gbénga fún un. Ó yẹ kí n sọ pé lẹ́tà kan wà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́ ọ, a kò lè mú un jáde. Mi ò sọ ọ́. Mo ní kó padà wá ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn aago mẹ́rin.

Ó bọ́ sí àsìkò tí mò ń kó gbogbo inú Alágbà sínú kọ̀ǹpútà tuntun tí mo rà, èyí tí wọ́n ń gbé lé itan. Alágbà ti ń kú lọ. Mo ti gbé e lọ bá ẹnjiníà kan ní Wuse pé kó tú u, kó bá mi yọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó wò ó, ó mi orí.

"Madam, dis one don old. If I touch am, e fit no wake again."

Ohun kékeré kan ló tà fún mi, ẹnu tí wọ́n ń ki dísíkẹ́ẹ̀tì sí, tí okùn rẹ̀ ń wọ ara kọ̀ǹpútà tuntun. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Màá kó lẹ́tà bíi mẹ́wàá sórí dísíkẹ́ẹ̀tì nínú Alágbà, màá yọ ọ́, màá kì í sí ẹnu kejì, màá dà á sínú tuntun. Lẹ́yìn náà màá ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan wò, nítorí pé àwọn mìíràn máa ń dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ ìwé tó ti dàrú. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Gbogbo wọn ló kọjá, àfi ọ̀kan.

Lẹ́tà mẹ́rin ló wà nínú fódà A KÒ TÍÌ KÀ. Mẹ́ta kọjá. Ti Ìyá Sílífá kò kọjá.

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí mo bá ṣí i nínú Alágbà, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí mo bá gbé e dé inú tuntun, ojú ìwé funfun báláú ni. Kò sí àmì kan lórí rẹ̀. Mo pààrọ̀ dísíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rù kò tíì bà mí nígbà yẹn, inú ló ń bí mi. Mo rò pé dísíkẹ́ẹ̀tì ti gbó ni.

Nígbà tó di aago mẹ́ta Ọjọ́bọ̀, mo pinnu pé n ó fi ọwọ́ tún un tẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Mò ń wo ojú Alágbà, mò ń tẹ̀ ẹ́ sínú tuntun, mo sì ń kà á sókè bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi. Kò sí oníbàárà kankan. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, oòrùn wà níta, mo ń gbọ́ ọmọkùnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá tó ń kí ẹnìkan ní sànnu.

Mo tẹ̀ ẹ́ dé "ọmọ inú rẹ á gbó, á tọ́." Mo dánu dúró. Nítorí pé ọdún gbọọrọ ti sọ ọ́ di bárakú sí mi lẹ́nu, mi ò ronú, mo kàn yíjú sí àga apá òsì bí mo ṣe máa ń ṣe.

Mo ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ wí, mà?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́."

Ohùn náà kò ga. Ohùn obìnrin ni, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àga oníke náà dún bó ṣe máa ń dún bí ẹni tó jókòó bá gbé ìdí.

Mi ò rí ẹnikẹ́ni. Mi ò ní purọ́ fún yín kí ọ̀rọ̀ mi lè dùn. Àga ló wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó wà lórí rẹ̀. Òórùn aṣọ tuntun ló gba inú ṣọ́ọ̀bù, òórùn aṣọ àga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ọ̀rá, mi ò sì ta aṣọ rí.

Mo fẹ́ pe orúkọ Jésù. Mo fẹ́ sá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi padà sórí bọ́tìnnì. Mo rántí Sílífá, mo rántí pé ó ń bọ̀, àti pé ohun tó fẹ́ gbọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi.

Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́. Mo rántí gbólóhùn Ìyá bó ṣe sọ ọ́ gan-an, nítorí pé kò kúrò lọ́kàn mi rí láti ọdún mẹ́jọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo rọra kà á: ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ lọ́jọ́ tí o jáde, mi ò tíì gbé e kúrò lórí rẹ.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ wí, mà?"

Àga náà dún díẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí." Ó mí. "Kò tíì tán."

Kò tíì tán. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi bínú sí obìnrin yìí, mo fi ń sọ pé ìkà ni. Kò wá sí ọkàn mi rí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì parí nígbà tí wọ́n pe ìrun. Ta ló mọ ohun tó tẹ̀ lé e? Bóyá ó fẹ́ sọ pé kó wá sílé kí òun fi ẹnu ara òun gbé e kúrò. Bóyá ó fẹ́ sọ ohun tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò fún un láyè.

Mo gbé ìka lé bọ́tìnnì. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Kí ló kù, mà?"

Wọ́n pe ìrun àsárì.

Àga náà dún lẹ́ẹ̀kan sí i, bó ṣe ń dún bí èèyàn bá dìde. Òórùn aṣọ náà lọ sílẹ̀. Ojú Alágbà ṣókùnkùn, iná sì wà, kọ̀ǹpútà tuntun ń ṣiṣẹ́ lọ. Alágbà kò tíì jí di òní.

Mi ò mọ iye ìṣẹ́jú tí mo fi wà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ tẹ̀ lé e ni, "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí." Sílífá ló wọlé. Kí n tó la ẹnu, ó ti jókòó sórí àga náà.

"Oòrùn ti pa àga yín," ó ní. "Ó gbóná."

Oòrùn kì í dé igun yẹn.

"Ṣé ẹ bá mi rí i?" ó ní. Mo ní mo rí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, ó di ojú. "Ẹ kà á."

Ẹ má dá mi lẹ́jọ́ títí ẹ ó fi wà níbi tí mo wà. Lẹ́tà òtítọ́ wà níwájú mi. Gbólóhùn tó le yẹn ló parí sí, ìlà kékeré ń ṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ìyókù yẹ kó wà. Ojú kọ̀ǹpútà kọjú sí mi, kò kọjú sí Sílífá. Mo wo ikùn olóṣù méje. Mo wo ojú tó dì. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá kà á, ohun tó ń bẹ̀rù gan-an ló máa ṣẹlẹ̀ lórí àga mi.

Mo ka tèmi fún un. Láti orí mi ni mo ti kà á, ojú mi sì wà lórí ti ìyá rẹ̀. Mo ti gbé e kúrò lórí rẹ. Mo ti dárí jì ọ́. Ọmọ inú rẹ á gbó, á tọ́.

Ó sunkún títí ó fi ń gbọ̀n. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde fún òun. Mo ní yíǹkì ti tán. Yíǹkì kò tán.

"Mo mọ̀ pé màmá mi ò lè fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní nígbà tó ń lọ.

Mo pe Màmá Gbénga ní Ọ̀fà kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò sọ pé irọ́ ni, kò sì sọ pé kí n lọ gbàdúrà.

"Èwo lo kà fún un?" ó ní.

"Èyí tí mo kọ, mà."

"Olóhun sọ fún ẹ pé kò tíì tán, o sì bá a parí ẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "O purọ́ mọ́ òkú, ọmọ mi. O sì gbé irọ́ náà fún aláboyún."

Láti ọjọ́ yẹn, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá pe àsárì, mo máa ń ṣí lẹ́tà náà, màá yíjú sí àga apá òsì, màá béèrè ohun tó kù. Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn. Mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣàánú ọmọ wọn bí wọn kò bá tiẹ̀ ṣàánú mi. Ẹ̀mí aboyún àti ti ọmọ inú rẹ̀ ni mo ń rò, mi ò ro nǹkan mìíràn mọ́.

Ní ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, Sílífá pè mí lórí fóònù. Oṣù kẹsàn-án ti pé. Ó ní ìrọbí ti ń mú òun díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, ọkọ òun ń wá mọ́tò tó máa gbé àwọn lọ sí ilé ìwòsàn.

"Àǹtí, please, ẹ tún un kà fún mi kí n tó lọ."

Mo tún un kà. Irọ́ kan náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo parí, mo tẹ̀ fóònù mọ́ etí. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "Àǹtí, ta ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yẹn?"

Mo wo àga. Kò sí ẹnikẹ́ni. Kò sí òórùn kankan. Mi ò gbọ́ ohunkóhun, mo fi ẹ̀mí mi búra, bó ti wù kí n tẹ́tí tó.

"Ẹ má dáhùn," Sílífá ní. "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́."

Mo na fóònù náà sí ọ̀nà àga, mo sì dì í mú síbẹ̀ títí apá fi ń ro mí. Mo gbọ́ Sílífá lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mo gbọ́ ọ tó ń sunkún, mi ò sì lè mọ irú ẹkún tó jẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ti gbọ́." Ó pa fóònù.

Mi ò mọ ohun tó gbọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ tú u sílẹ̀ tàbí ó dè é mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ó ń dún, kò sí ẹni tó ń gbé e. Mi ò mọ ilé wọn ní Life Camp, mi ò ní nọ́ńbà ọkọ rẹ̀. Mo jókòó síbí, mò ń wo fóònù bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

Ẹ̀yin tó ń bá èèyàn kọ̀wé, ẹ̀yin tó ń jíṣẹ́ fún èèyàn, ẹ gbọ́ tèmi. Ohun tí wọ́n bá sọ fún yín ni kí ẹ kọ, ì báà korò. Bí olóhun kò bá tíì parí ọ̀rọ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un. Ẹ má bá ìyá tún ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fún ọmọ rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i.